Ìyàwó Ògiri

Àlàmísì, 2 Ọ̀kítóbà 2025

Mo ra ìwé yìí ní òpópónà Táíwò lónìí, nígbà tí ọ̀gá mi rán mi lọ ra òwú ìránṣọ. Mi ò tíì kọ nǹkan gígùn láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé. Kíláàsì Jẹ́ẹ̀sì tuu ni mo ti dúró. Ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo nínú ilé yìí. Ogójì ọjọ́ lónìí tí wọ́n so yìgì wa, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n bí àlejò.

Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá nínú ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n ìwé ò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́ mi. Nítorí náà: Abdulganiyu. Gàní. Gàní mi.

Mo ti kọ ọ́. Ojú ń tì mí, èmi nìkan nínú yàrá.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá lásán ni mo ń pè wọ́n. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni Ummu Kulthum, òun àti Gàní jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà. Mo sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún nítorí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó ń fi orúkọ náà yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Gàní ń gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Ẹ̀yìn ló ń gbá, jẹ́sì nọ́ńbà máàrún. Ọdún yìí ló máa jáde. Wọ́n ń du ife àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ti gbá mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò tíì rí àwọ̀n wọn. Ògiri ni wọ́n ń pè é. Èmi wá di Ìyàwó Ògiri. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Pàkátà àdúgbò wa gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Sátidé, 4 Ọ̀kítóbà

Mo lọ wòran. Àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Ní abúlé wa lọ́nà Àfọ̀n, ọkùnrin nìkan ló ń dúró létí pápá. Èmi àti Eyínmẹ́nugún jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń là á yé mi. Ó ní ẹni tó bá jẹ gólì ni ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, ṣùgbọ́n ti bùọ̀dá òun, gólì tí kò wọlé ni ká máa kà.

Gàní kì í sáré kiri bí àwọn tó kù. Ó ń rìn bí ẹni tó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí. Àwọn aláṣọ ofeefee á dé, Gàní á yọ̀ lórí koríko, á yọ bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn láìfara kan ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wá láti òkè, á fi orí gbà á padà. Gbogbo pápá á máa kọrin: Ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀!

Lẹ́yìn náà ni kọ́nà kan. Òun àti ọkùnrin gíga kan jọ fò, orí gbá orí. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó — bí ìgbà tí àgbọn méjì bá lura wọn. Gàní wà nílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Wọ́n da omi sí i lórí, ó gbéra, pápá hó.

Ṣùgbọ́n ibi tó lọ dúró kọ́ ni àyè rẹ̀. Ó kọjú sí àwọ̀n tiwa, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀. Abdulraheem, kípà tiwa, ló di èjìká rẹ̀ mú tó yí i padà. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ògiri ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n borí, méjì sí òdo.

Sọ́ńdè, 5 Ọ̀kítóbà

Orí ń fọ́ ọ. Ó ní oòrùn ni.

Àtàláátà, 7 Ọ̀kítóbà

Ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

A kí ìrun Alásárì pọ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Òpó ìrun mẹ́rin ni. Ó dìde fún ìkarùn-ún. Bí ẹni tó ń ṣáájú bá ṣì í, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn á sọ pé Subhanallahi, obìnrin á pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mi ò pàtẹ́. Èmi tí mo dé lánàá, kí n máa pàtẹ́wọ́ mọ́ ọkọ mi lẹ́yìn? Mo dìde tẹ̀lé e. A kí òpó máàrún. Ọlọ́hun á gbà á bẹ́ẹ̀.

Kò mọ̀. Ó ká ẹní, ó ń súfèé.

Jímọ̀, 10 Ọ̀kítóbà

Ìyá rí i bó ṣe fi ọwọ́ ti ara ògiri ilé kó tó lè dúró. Wọ́n ní ojú ayé ni, pé ojú ti pọ̀ jù lára ọmọ àwọn, gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ rẹ̀. Wọ́n lọ bá Àfáà. Àfáà kọ̀wé sára wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbé omi hàntú rẹ̀ wá nínú ìgò. Gàní mu díẹ̀, ó fi èyí tó kù pa iwájú orí. Ìyá ní láti ìgbà yìgì ló ti ń rù. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọn ò sì kọjú síbòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó jẹ ẹ̀bà tó pọ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Sátidé, 11 Ọ̀kítóbà

Wọ́n tún borí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àyà mi já. Bọ́ọ̀lù ti kọjá Abdulraheem, ó ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wọ ilé ara rẹ̀, ó tún ta sókè. Mi ò mọ ibi tí Gàní ti yọ. Ó fi orí gbà á kúrò lórí ìlà. Àwọn èèyàn wọ pápá láti wá fọwọ́ kan orí rẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a lórí, pá, pá, wọ́n ní orí yìí kì í ṣe ẹran ara.

Mo kí Kóòṣì Kọ́lá lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá kúkúrú, fìlà wọn kì í kúrò lórí. Wọ́n bi mí pé báwo lara ọkọ mi nílé. Mo ní dáadáa ni. Ohùn mi ò jáde tán, mo rò pé wọn ò gbọ́.

Nílé, ó bì lẹ́yìn balùwẹ̀. Mo gbé omi lọ bá a. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹnì kan tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ńlá kan ń bọ̀ wá wo fáínà, ìyẹn àṣekágbá, ó sì ti béèrè nọ́ńbà máàrún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí, mo kọ ọ́ bó ṣe wí i:

“Naimat, bí Kóòṣì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orí yìí, ó tán fún mi. Má dárúkọ orí fún ẹnikẹ́ni.”

Mo búra fún un. Ó wá ń sọ bí yóò ṣe rí: yàrá méjì tiwa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ̀rọ ìránṣọ tèmi, pátákó tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Mo máa jẹ́wọ́ fún ìwé: kì í ṣe òun nìkan. Èmi náà fẹ́ ẹ. Mo ti ń rí àwọ̀ tí wọ́n máa fi kọ pátákó náà.

Àlàrùbá, 15 Ọ̀kítóbà

Ó ní òun á wá mú mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Alásárì ká jọ relé. Mo dúró títí ọ̀gá mi fi ti ilẹ̀kùn. Mo pè é. Ó ní òun ti ń dúró dè mí ní Ọ̀fà Gàráàjì tipẹ́. Mo ní kí lẹ wá ṣe níbẹ̀? Ó ní àbí ibẹ̀ kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù wa ni.

Ó ti wá mú mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò tó ìgbà ogún.

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì ẹni tó ń ta káàdì fóònù, ó di bàtà bọ́ọ̀lù mọ́ àyà bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró de ìyá rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà ló dàrú mọ́ òun lójú.

Nílé, Eyínmẹ́nugún gbọ́. Ó ní, “Ìyàwó, kí lẹ fún bùọ̀dá mi jẹ? Ẹ ti gbé orí ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa lò títí a ó fi gbá sẹ́mì.”

Gbogbo agbolé rẹ́rìn-ín. Gàní ló rẹ́rìn-ín jù. Mo wọ yàrá lọ, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Sátidé, 18 Ọ̀kítóbà

Wọ́n borí sẹ́mì, ọ̀kan sí òdo. Ó ku fáínà. Eyínmẹ́nugún ń ka ìṣẹ́jú. Èmi ń ka orí. Mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló fi orí gba bọ́ọ̀lù. Ní ẹ̀ẹ̀keje ó di ojú fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún là á. Èmi nìkan ló ń wò ó báyẹn.

Àtìní, 20 Ọ̀kítóbà

Nọ́ọ̀sì kan gbé aṣọ wá ká gé e kúrú. Mo ń wọn ìbàdí rẹ̀, mo bá bi í, bí ẹni pé ará abúlé wa kan ni. Mo ní ó forí gbá ẹlòmíràn, ó ń bì, ó ń gbàgbé nǹkan. Ó wo ojú mi nínú dígí. Ó ní kí ará abúlé náà lọ sí ọsibítù lónìí, kí ó má sì jẹ́ kí nǹkankan tún kan orí náà. Ó ní, “Èkíní lè máà pa èèyàn. Èkejì tó bá bá èkíní tí kò tíì san, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ Ọlọ́hun sí.”

Aṣọ náà, mo gé e kúrú jù. Ọ̀gá mi bá mi wí.

Mo sọ fún Gàní pé ká lọ sí ọsibítù. Ó ní lẹ́yìn fáínà.

Ìrun Mọ̀gáríbì: òpó mẹ́ta ni. Ó jókòó ní ìkejì, ó fẹ́ sálámà parí ìrun. Lọ́tẹ̀ yìí mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Kò mira. Mo tún pàtẹ́. Ó sálámà, ó yíjú sí mi, ó ní ta ni mò ń pàtẹ́wọ́ fún.

Àlàrùbá, 22 Ọ̀kítóbà

Ó ti ibi ìdánrawò dé, kò jẹun. Ó ní Kóòṣì ò fẹ́ kí òun di èèyàn láyé. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn.

Àlàmísì, 23 Ọ̀kítóbà

Mo ti ṣe é.

Mo mú nọ́ńbà Kóòṣì nínú fóònù rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀. Mo kọ́kọ́ pè wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní “hẹ́lò”, mo pa fóònù. Ohùn mi kì í jáde fún àgbà. Mo bá tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ó gbà mí ní gbogbo àkókò tí ọ̀gá mi fi lọ kírun. Mo fẹ́ sọ nípa orí, ṣùgbọ́n mo ti búra. Mo wá ọ̀nà sọ ọ́ láìdárúkọ orí. Ohun tí mo tẹ̀ rèé, mo dà á kọ láti inú fóònù:

Asalamu alaikum Koosi. Emi ni iyawo Gani. E jo nitori Olohun e ma je ki o gba boolu ni Satide. Mo be yin. E ma so fun un pe mo so.

Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dáhùn: Mo ti gbo iyawo wa. O ti ye mi. Ekun yin ko ni ja sofo. Bi e se wi ni mo maa se.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ẹ ṣe wí ni mo máa ṣe. Ọ̀gá mi ní kí ló dé tí mò ń sunkún sórí aṣọ oníbàárà. Mo ní òwú ló wọ̀ mí lójú.

Ẹ wo bí àgbà ṣe rọrùn, tí mo sì ti ń bẹ̀rù wọn láti ọjọ́ yìí. Bí Gàní bá mọ̀, ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Kó má bá mi sọ̀rọ̀. Kó ṣáà wà níbẹ̀ kó máa bínú.

Jímọ̀, 24 Ọ̀kítóbà

Ó ń rẹ́rìn-ín láti òwúrọ̀. Ó ní Kóòṣì èèyàn dáadáa ni. Ó gbé mi lẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀, Ìyá wọlé bá wa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

Mo rò pé Kóòṣì ti fi ọgbọ́n sọ fún un pé kó sinmi, tó fi gbà. Ó nu bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ó ní kí n fọ jẹ́sì. Mo fọ̀ ọ́. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì náà ń wọ jẹ́sì, mo ti rí wọn.

Sátidé, 25 Ọ̀kítóbà

Àárọ̀. À ń lọ. Mo di ìborùn tuntun.

Sọ́ńdè, 26 Ọ̀kítóbà

Ọsibítù. Orí ẹní, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mi ò bá kọ ọ́, mo máa pariwo.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde ní ìlà lánàá. Mo ka nọ́ńbà. Máàrún wà níbẹ̀.

Mo wo Kóòṣì ní òdìkejì pápá. Wọ́n rí mi. Wọ́n gbé ọwọ́ sí mi, wọ́n mi orí bí ẹni tó ń sọ pé ṣé o rí i báyìí? Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo dìde láti la pápá kọjá. Eyínmẹ́nugún di ìró mi mú, ó ní ìyàwó, ṣé orí yín dá ṣáṣá, wọ́n ti fọn fèrè.

Gbogbo ohun tí Gàní mọ̀ ló ṣe lánàá. Àwọn aláṣọ pupa ń ya lù wọ́n bí omi. Ó yọ̀ nílẹ̀, ó gbà á. Ẹnì kan gbá a tagbáratagbára, ó fi àyà gbà á. Tiwa jẹ ọ̀kan lẹ́yìn háfù. Láti ìgbà náà ni aláṣọ pupa ò kúrò níwájú àwọ̀n wa mọ́. Ọkùnrin tó di ìwé dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń kọ nǹkan. Mo ń ka orí: mẹ́ta. Márùn-ún. Mẹ́fà.

Ó ku díẹ̀. Abdulraheem ti jáde kúrò nídìí àwọ̀n, wọ́n ta bọ́ọ̀lù kọjá lókè rẹ̀. Gàní sáré, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó fò, ó fi orí gbé e kọjá lókè igi gólì. Orí náà bá igi.

Ó dìde o. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. Rẹfirí fọn fèrè, ó tán, ọ̀kan sí òdo. Odidi ìdíje, ẹnikẹ́ni ò rí àwọ̀n wọn. Wọ́n gbé e sí èjìká, wọ́n ń jó, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ó juwọ́ sí ọ̀dọ̀ tiwa.

Ọwọ́ náà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣì ń jó pẹ̀lú rẹ̀ lórí èjìká. Wọ́n yí pápá ká pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Abdulganiyu. Níṣojú ìyá rẹ̀ àti gbogbo ìlú.

Àtàláátà, 28 Ọ̀kítóbà

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dà sí i lágbárí, àwọn ti fà á. Ó ní ká máa wò ó. Kò sọ pé yóò san, kò sọ pé kò ní í san.

Kóòṣì Kọ́lá wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá, wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn ti rí i ní Àlàrùbá níbi ìdánrawò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró gbọn-in nílẹ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó máa gbá fáínà. Wọ́n ti sọ fún un lójú. Wọ́n ní ìyàwó ló bẹ àwọn, pé àánú ìyàwó tuntun yìí ló ṣe àwọn, tí àwọn fi dá orúkọ náà padà. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n kà á sókè fún Ìyá:

“Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́hun, ẹ máa jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé.”

Mo wà lórí ẹní. Mo gbọ́ ọ. Lẹ́tà méjì: “ma”. Fóònù ò ní ohùn.

Mo dìde dúró, mi ò kúnlẹ̀. Ohùn mi jáde, kò há rárá. Mo ní, “Má ni. Ẹ má jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù. Má ni mo wí, Kóòṣì.”

Wọ́n wo fóònù. Mo rí ẹnu wọn tó ń kà á lẹ́ẹ̀kan sí i láìsọ̀rọ̀, lọ́nà tèmi. Wọ́n wá yí ojú fóònù dé orí itan wọn.

Ìyá ò bínú sí Kóòṣì. Èmi ni wọ́n yíjú sí. Wọ́n ní, “Nítorí náà o mọ̀. O mọ̀ pé orí ọmọ mi ni, o wá ń tẹ fóònù. Èmi tí mo wà ní yàrá kejì, o ò lè kan ilẹ̀kùn mi?”

Mo padà jókòó sórí ẹní.

Àlàmísì, 30 Ọ̀kítóbà

Gàní la ojú kó tó di ìrun Àsùbáà. Ìyá ti jáde lọ ṣe àlùwàlá, èmi nìkan ló bá. Ó mọ̀ mí. Ó ní, “Naimat.” Mo ní mo wà níbí.

Ó ní ọjọ́ wo làwọn ń gbá fáínà.

Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbá a, wọ́n borí, ẹnikẹ́ni ò rí àwọ̀n wọn, òun ló gba bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ gbẹ, mo fi omi pa á. Ó sinmi díẹ̀. Ó ní Naimat, ọjọ́ wo làwọn ń gbá fáínà.

Mo tún sọ ọ́. Ó tún rẹ́rìn-ín, bákan náà gẹ́lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Mo ní, “Wọ́n ti gbá a. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo sọ fún Kóòṣì pé orí ń dùn yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi.”

Mo ń retí kó bínú.

Ó ní, “O ṣeun. Orí yẹn ń dùn mí gan-an ni, Naimat. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni.”

Mo fi ìborùn bo ojú mi. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti ń bi mí ọjọ́ fáínà.